Àgbàlagbà Tó Dọ̀bálẹ̀ Fún Mi

Lakowe,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ pé lẹ́tà ni mo kọ. Màmá rẹ ní kí n kàn pè ọ́ lórí fóònù, mo ní rárá. Bí mo bá pè ọ́, inú mọ́tò lo máa wà láàárín Oníru sí Lẹ́kkí Phase 1, wàá máa sọ pé, "Yes, Dádì, mo ti gbọ́, Dádì," nẹ́tíwọ́ọ̀kì á já, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ìwé kì í já. Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ sọ tí ẹnu mi kò lè gbé jáde. Nítorí náà, wá ibì kan jókòó sí, kí o kà á tán kó tó di ọjọ́ Mọ́ńdè.

Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun? Èmi wà dáadáa, àfi orúnkún. Ẹni tó bá fi ọ̀pọ̀ ọdún kúnlẹ̀ ti búlọ́ọ̀kù, orúnkún rẹ̀ á kọ́kọ́ darúgbó ṣáájú rẹ̀ ni.

Nígbà tí o wá ní Sọ́ńdè tí o sọ fún wa pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe máníjà lórí àwọn tó ń tún pọ́ọ̀ǹpù àti jẹnẹrétọ̀ ṣe káàkiri àwọn ẹ̀sítéètì, màmá rẹ sunkún ayọ̀. O rò pé ilé ìtọ̀ ni mo lọ. Yàrá ni mo wọ̀, mo forí kanlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọkùnrin mẹ́rìnlá lábẹ́ ọmọbìnrin mi! Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ jáde lọ sọ fún aládùúgbò. Lẹ́yìn náà la jókòó sídìí oúnjẹ, o sì sọ ìtàn Bàbá Gàníyù fún wa.

Jẹ́ kí n tún un sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ. O ní pọ́ọ̀ǹpù omi kan jó ní ẹ̀sítéètì kan ní Oníru. O ní Bàbá Gàníyù ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó gbà ọ́. Ẹni tó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló sọ fún ọ pé àìbìkítà rẹ̀ ló fà á. O kò pe bàbá náà kí o bi í. Orí grúùpù wọ́sáàpù tí gbogbo wọn wà lo ti kọ ọ̀rọ̀ sí i, o ní aláìbìkítà ni, o ní iṣẹ́ ti sú u. Lọ́jọ́ kejì ó wá sí ọ́fíìsì rẹ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú àwọn tó lè bí lọ́mọ. O rẹ́rìn-ín nígbà tí o dé ibẹ̀. O ní, "Dádì, I just left him there. Mo ń tẹ laptop mi lọ jẹ́jẹ́. They need to know who is in charge." O ní ní Mọ́ńdè, ìgbìmọ̀ á jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìwọ lo sì máa kọ ìwé tí wọ́n máa fi pinnu bóyá á máa bá iṣẹ́ lọ tàbí á lọ sílé.

Màmá rẹ ní, "Háà, ọmọ mi, o le o!" Èmi ti àwo ẹ̀bà sẹ́yìn. O bi mí pé ṣé inú ló ń run mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó ṣe àkàlàmàgbò tó fi dẹ́kun ẹ̀rín rínrín ló dé bá mi lórí àga yẹn.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ rẹ pọ̀ ju tèmi lọ, mo gbà. Ìwé tí o kà, mi ò kà á. Ṣùgbọ́n lónìí, àkísà ni mo fẹ́ kó jáde fún ọ, má sì jẹ́ kí òórùn rẹ̀ lé ọ lọ.

Nígbà tí màmá rẹ lóyún rẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí ṣe fọ́máànù. Ibi iṣẹ́ náà kò jìnnà sí ibi tí mo jókòó sí yìí, ní ẹ̀yìn Lakowe, nígbà tí igbó ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí. Wọ́n fún mi ní akoto funfun, àwọn tó kù ń dé aláwọ̀ ìyeyè. Mo fi báírò mẹ́ta há àpò àyà, méjì nínú wọn kò sì kọ̀wé mọ́. Bí mo bá ń rìn, ilẹ̀ kò gbà mí.

Bàbá kan wà lábẹ́ mi tí wọ́n ń jẹ́ Bàbá Lásìsì. Àwọn ló dàgbà jù nínú gbogbo bíríkìlà tí mo ń darí. Wọn kò mọ̀wé, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá di ojú kan tí wọ́n fi ìkejì wo ògiri, wọ́n á sọ fún ọ bóyá ó dúró tàbí ó ti mutí yó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti wọn jọ wọn ilẹ̀ fún ògiri kan nísàlẹ̀ ilé. Wọ́n di orí teepù mú lójú èèkàn, èmi fà á dé òpin, mo kọ nọ́ńbà sínú ìwé kékeré tí mo máa ń gbé dání. A kan èèkàn, a fa okùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to búlọ́ọ̀kù.

Lọ́jọ́ kẹrin, ògiri ti ga dé èjìká nígbà tí ẹnjiníà dé. Ó wọn ọ̀nà tó gba àárín ilé kọjá, ó tún un wọ̀n, ó bú sí ariwo. Ògiri ti jẹ lára ọ̀nà, ẹni tó bá fẹ́ gbé àga kọjá níbẹ̀ á há. Ó ní, "Ràṣídì, who measured this rubbish?"

Ọmọ mi, kò pẹ́ rárá. Mo rántí oyún rẹ, mo rántí akoto mi, mo sì na ìka. Mo ní Bàbá Lásìsì ló di teepù mú, á jẹ́ pé wọ́n yọwọ́ kúrò lójú èèkàn ni. Mo wá kọjú sí wọn, mo fi gbogbo ohùn mi sọ ọ́: "Bàbá, ojú yín ti di bàìbàì, ẹ ò sì fẹ́ gbà! Ṣé ẹ fẹ́ ba orúkọ mi jẹ́ ni?" Ẹni tó ń po sìmẹ́ǹtì dá ṣọ́bìrì dúró.

Bàbá Lásìsì wo ọwọ́ ara wọn. Wọ́n wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bóyá ọwọ́ mi ló yẹ̀ lóòótọ́."

Kò sí ẹni tó ń kọ́ wa ní ohun tó yẹ ní ṣíṣe nírú ìgbà bẹ́ẹ̀, à ń bá a lára wa ni. Bí àgbà bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, ọmọdé á sáré dì í mú kí àyà rẹ̀ tó kan ilẹ̀, á ní, "Ẹ dákun, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dìde." Bí kò bá tètè dé ibẹ̀, òun náà á wólẹ̀. Èmi dúró. Mo jẹ́ kí wọ́n wà nílẹ̀ títí ẹnjiníà fi wọ mọ́tò rẹ̀. Kí n má purọ́ fún ọ, Àṣàkẹ́, ó dùn mọ́ mi. Mo rò pé ohun tí ọ̀gá jẹ́ gan-an nìyẹn.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo ń wá nǹkan mìíràn nínú ìwé kékeré mi nígbà tí ojú mi bọ́ sí i. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ló wà lórí pìláànù. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni èmi fi ọwọ́ ara mi kọ. Bàbá Lásìsì kò yọwọ́ kúrò níbì kankan. Mo ya ojú ewé náà, mo jù ú sínú iná tí wọ́n fi àpò sìmẹ́ǹtì dá, mo sì dúró tì í títí ó fi jó tán. Láti ọjọ́ náà, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Màmá rẹ pàápàá, àárọ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún un.

Jẹ́ kí n wá máa ka ìmọ̀ràn mi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí o má baà ní mo kàn ń rojọ́ ara mi fún ọ.

Èkínní, má ṣe bá ẹnikẹ́ni wí lójú ọjà, pàápàá ẹni tó jù ọ́ lọ. Grúùpù wọ́sáàpù yẹn, ọjà ni. O rò pé ẹnì kan lo bá wí, mẹ́rìnlá lo bá wí. Lẹ́yìn ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, àwọn ọmọṣẹ́ mi kò bú mi, wọn kò sì kọ iṣẹ́ fún mi. Ṣe ni ìkíni wọn tún pọ̀ sí i. "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá, ó dáa." Mo ní àwọn èèyàn yìí ti wá mọ̀ mí lọ́gàá. Lọ́jọ́ kan, típà já yanrìn tí a máa fi rẹ́ ògiri, ó jẹ́ yanrìn etí òkun tó kún fún iyọ̀. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́nà Ajah yìí, bó bá fi ahọ́n kàn án, á mọ̀. Gbogbo wọn mọ̀, wọ́n dákẹ́, wọ́n ń rẹ́ ògiri lọ. Nígbà tí òjò rọ̀ fún oṣù kan, ara ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Mo pè wọ́n jọ, mo ní kí ló dé tí ẹnì kan kò sọ fún mi. Ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Sùnmọ́nù ló dáhùn, ó rọra ń nu ọwọ́: "Ọ̀gá, ta ni kó sọ ọ́? Kí ẹ má baà ní àwa la lọ bu iyọ̀ sí i."

Ẹnjiníà gba akoto funfun náà lórí mi lọ́sẹ̀ yẹn. Iṣẹ́ tí mo torí ẹ̀ parọ́, n kò rí i mú dálẹ́. Ọmọ mi, ẹni tí o bá dójú tì kì í bú ọ. Á máa kí ọ ni, á sì máa wò ọ́ bí o ṣe ń lọ sínú kòtò. Bí àwọn ọkùnrin mẹ́rìnlá yẹn bá ti ń dá ọ lóhùn pé "Yes, Madam" sí gbogbo ọ̀rọ̀, má jẹ́ kó dùn mọ́ ọ. Ìgbà náà ni kí àyà rẹ já.

Èkejì, a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Gàníyù ló sọ fún ọ, ó dáa. Ṣé òun kò dé ìdí pọ́ọ̀ǹpù náà lọ́jọ́ yẹn? Bí èèyàn méjì bá ń jà lábẹ́ rẹ, ẹni tó kọ́kọ́ sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ kọ́ ló jàre. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yá. Gbọ́ tọ̀hún, gbọ́ tìhín, kí o sùn lé e, kí o tó ya ẹnu. Mo mọ̀ pé o máa ní iṣẹ́ òde òní kò ní àyè oorun. Ògiri tí a kọ́ láìwọ̀n, ẹ̀ẹ̀mejì la máa kọ́ ọ.

Nípa ẹni tó bá wá tọrọ àforíjì. Mi ò ní kí o má bá Bàbá Gàníyù wí bó bá jẹ̀bi. Bó bá yẹ kí o fún un ní kúẹ́rì, fún un. Ṣùgbọ́n gbé e dìde ná. Ọ̀gá ni ọ́ níbi iṣẹ́, ọmọ ni ọ́ níwájú irun funfun orí rẹ̀, ìkan kò sì dí èkejì lọ́wọ́. "Ẹ dìde bàbá, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀." Kí ló máa gbà ọ́? O rántí bí mo ṣe máa ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí o bá ń kí àgbà, orúnkún rẹ máa ń kan ilẹ̀ kí ti ẹlòmíràn tó tẹ̀? Ọmọ yẹn ni mo ń wá ní Sọ́ńdè, mi ò rí i.

Èyí tó kàn, mi ò mọ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́, òun ló ká mi lára jù. Kí o tó tú ìwé ẹlòmíràn, kọ́kọ́ tú tìrẹ. Nígbà tí o ń sọ̀rọ̀, o sọ gbólóhùn kan, o sì yára kọjá lórí rẹ̀. O ní lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, Bàbá Gàníyù wá bá ọ pé pọ́ọ̀ǹpù náà ń ké, pé kí ẹ jẹ́ kí àwọn tú u wò. O ní o dá a lóhùn pé, "Ẹ lọ kọ ọ́ sínú í-meèlì, bàbá. Put it in writing." Í-meèlì! Bàbá Gàníyù! O sọ ọ́ tán, o bu ẹran sẹ́nu, o bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Màmá rẹ kò fura. Èmi tó ti ya ojú ewé rí, mo mọ bí èèyàn ṣe ń yára kọjá níbi tó ń ta á.

Mi ò sọ pé ìwọ lo jó pọ́ọ̀ǹpù. Mi ò sí níbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí o máa kọ fún ìgbìmọ̀, pé ó kìlọ̀, pé ìwọ lo dá a padà. Bí o bá fi í sílẹ̀, o ti ya ojú ewé tìrẹ nìyẹn, bàbá náà á lọ sílé lórí ohun tí kò ṣe. Wọ́n lè bá ọ wí. Wọ́n tiẹ̀ lè gba ipò náà padà, èmi àti màmá rẹ kò sì ní kú. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, mo mọ̀. Gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a bí ọ, mi ò pe Bàbá Lásìsì síbi ìsọmọlórúkọ. Ojú ń tì mí láti rí wọn. Wọ́n wá fúnra wọn, wọ́n gbé ẹní kékeré kan lọ́wọ́ tí ìyàwó wọn hun fún ọ. Wọ́n gbé ọ lé ọwọ́ kan náà tí mo ní ó yẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí á di ọ̀gá. Àwọn àgbà á sì máa súre fún un." Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín, mi ò lè wo ojú wọn. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí mo forí kanlẹ̀ nínú yàrá, ìdajì àdúrà wọn ni mo ń dúpẹ́ fún. Kí n tó jẹun dé ìdajì àwo, mo ti rí i pé ìdajì tó kù kò tíì gbà.

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo wá ilé wọn lọ sí Ajah. Mo ti ṣètò ohun tí mo máa sọ látinú mọ́tò, mo ti pinnu pé èmi ni mo máa dọ̀bálẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Músílíù ọmọ wọn ni mo bá, ó ń jó irin pọ̀ níwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Ó ní bàbá àwọn ti kú, ó ti pé ọdún mẹ́ta. Ó gbé àga fún mi, ó gbé omi wá. Nígbà tí mo dárúkọ ara mi, ojú rẹ̀ tàn.

Ó ní, "Ẹ̀yin ni Ọ̀gá Ràṣídì! Háà, bàbá wa kì í yé sọ̀rọ̀ yín. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ló ba iṣẹ́ yín jẹ́ ní Lakowe, pé ẹ̀yin ò lé àwọn, ẹ dáríjì àwọn. Títí wọ́n fi kú, wọn ò jẹ́ di teepù mú mọ́. Wọ́n á ní ká pe ẹlòmíràn, ọwọ́ àwọn ò ṣeé gbọ́kàn lé."

Ìwọ wo irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tí ojú wọn mọ ògiri ju teepù lọ, wọ́n kú láì gba ọwọ́ ara wọn gbọ́. Èmi ni mo gba ìgbàgbọ́ yẹn lọ́wọ́ wọn. Mo sì jókòó níwájú ọmọ wọn, mo mu omi, mo ní, "Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ wọn," mo dìde, mo wọkọ̀ padà sílé. Àṣàkẹ́, mi ò sọ ọ́. Fọ́máànù àná tó wà nínú mi yìí, ó ṣì ń na ìka síbẹ̀.

Ní Sátidé mo tún ń padà lọ. Mi ò mọ̀ bóyá Músílíù á jẹ́ kí n sọ ọ́ parí, mi ò sì mọ̀ bóyá á tún gbé omi fún mi láyé. Màmá rẹ ní òun á bá mi lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ láti àárọ̀ nìyẹn. Iwájú sàréè ni mo máa dọ̀bálẹ̀ sí, kò sì ní sí ẹni tó máa ní kí n dìde.

Tìrẹ ṣì ń mí. Ó ṣì ń jí láàárọ̀, ó ń wọ aṣọ iṣẹ́ lọ sí Oníru. Lọ bá a, ọmọ mi, kí Mọ́ńdè tó dé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràṣídì.